Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olórin Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ohùn dídùn nìkan kò tó o!

Láti Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́ títí dé Yábà nílùú Oǹdó, kò sí àdúgbò téèyàn ò ti ní rí ọ̀dọ́ kan tó ń pe ara rẹ̀ ní olórin. Wọ́n á kọ orin sínú fóònù láàárọ̀, wọ́n á gbé e wọ sítúdíò lálẹ́, kó tó di Sátidé, ó ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń fi Sunny Adé àti Orlando Owoh yangàn, pé ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó bíi tàwọn ni wọ́n. Kò burú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí wọn kì í bèèrè: ta ló kọ́ àwọn yẹn níṣẹ́?

Ẹ jẹ́ ká mú Sunny Adé ṣáájú. Sunday Adéníyì Adégẹyè lorúkọ rẹ̀, ìdílé ọba ló ti wá l'Óǹdó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Òṣogbo ni wọ́n bí i sí ní September 22, 1946. Ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ló ń lọ l'Óǹdó nígbà tó fọgbọ́n tan àwọn ará ilé, ó ní Yunifásítì Èkó lòun ń lọ. Èkó ló lọ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ìdí ìwé ló jókòó sí. Ọ̀dọ̀ Moses Ọláìyá ló balẹ̀ sí, ẹni tí gbogbo wa wá mọ̀ sí Bàbá Sálà. Kí àwàdà tó gba bàbá náà lọ́wọ́ orin, ó ní ẹgbẹ́ olórin tó ń jẹ́ Federal Rhythm Dandies. Abẹ́ rẹ̀ ni Sunny wà kó tó dá Green Spots tiẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1967.

Orlando Owoh ńkọ́? Ọmọ Ìfọ́n ni bàbá tó bí i. Káfíńtà ni Stephen Ọládipúpọ̀ Owómóyèlá kó tó di pé Kọ́lá Ògúnmọ́lá mú un sínú ẹgbẹ́ eré rẹ̀ lọ́dún 1958, tó ń lùlù, tó sì ń kọrin. Fátáì Rolling Dollar ló kọ́ ọ ní gìtá, ẹni tí Ebenezer Obey náà sìn. Ẹ ò rí i pé kò sẹ́ni tó fo orí ọ̀gá kọjá nínú wọn!

Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀? Ọmọ iṣẹ́ jùjú ayé ìgbà yẹn kì í ṣàdédé gba gbohùngbohùn. Yóò ru irinṣẹ́, yóò mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, yóò máa gberin lẹ́yìn ọ̀gá. Ibẹ̀ ló ti máa mọ̀ pé ègbè gbọ́dọ̀ kúrú débi tí ìyá aláta á fi gbà á sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó gbọ́ ọ. Ibẹ̀ náà ló ti máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ojú agbo kí wọ́n tó ki èèyàn. Ẹni tó bá ki ọmọ Oǹdó ní oríkì ará Àkúrẹ́, kó má retí pé wọ́n máa náwó fún òun.

Èyí tó tún le jù ni ohùn èdè wa. Ẹ wo ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Bí ìyàwó bá ń yin ọkọ rẹ̀ nínú orin, tí ẹni tó kọ orin náà bá gbé ohùn sókè níparí, ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko ló ń yìn yẹn. Bó bá sì já a wálẹ̀, ó di ọkọ̀ tó ń ná Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Ọ̀pọ̀ orin ìsinsìnyí, bíìtì ni wọ́n kọ́kọ́ ń rà, wọ́n á wá máa wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kì bọ̀ ọ́. Ọ̀gá tó bá jókòó tì ẹ́ kò ní gbà bẹ́ẹ̀, “tún un kọ” ló máa sọ títí etí rẹ á fi là.

Àmọ́ ẹ̀kọ́ kan wà tí ojú ọ̀pọ̀ àgbà gan-an kò tètè là sí: ẹ̀kọ́ ìwé àdéhùn. Àwo Sunny Adé ń tà wàràwàrà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ African Songs, síbẹ̀ nígbà tó di 1974, ìjà dé, ọ̀rọ̀ dé kóòtù, kálukú bá tiẹ̀ lọ. Sunny dá Sunny Alade Records sílẹ̀, Green Spots sì di African Beats. Síbẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ àwọn orin àtijọ́ ò tán. Ó gbé ẹjọ́ mìíràn lọ sílé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó, ẹjọ́ náà sì lò ju ogún ọdún lọ kí adájọ́ tó dá a láre, tó ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 500 náírà fún un. Ogún ọdún! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí ẹjọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ ti lè di olórin fúnra rẹ̀.

Fátáì Rolling Dollar tó kọ́ àwọn èèyàn ńlá níṣẹ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọdún ni ayé fi gbàgbé rẹ̀ kí wọ́n tó tún wá a kàn lọ́jọ́ ogbó. Lọ́dún 2013 ló kú. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ bàbá yẹn o, ohun tó ń sọ iṣẹ́ di owó ló pẹ́ kó tó dé.

Òfin tó wà nílẹ̀ lónìí ni Copyright Act 2022, tí ààrẹ fọwọ́ sí lọ́dún 2023. Ó ya nǹkan méjì sọ́tọ̀: orin téèyàn kọ, àti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò. Ẹni tó kọ orin ló ni ín ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, àwọn ajogún rẹ̀ á sì tún ní in fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní 50 ọdún tiẹ̀ lẹ́yìn tó bá jáde. Kò sì sẹ́ni tó lè fi ẹnu lásán gba ẹ̀tọ́ náà lọ pátápátá, àfi bí ẹ bá kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ ti rí ibi tí ewu wà: ọmọ ogún ọdún tó fọwọ́ sí ìwé tí kò kà nítorí owó fóònù tuntun, ogún ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló fi tọrẹ yẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wá ọ̀gá lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ti ìwé, Adéyẹmí tó ti di yunifásítì l'Óǹdó ń kọ́ni ní ìmọ̀ orin. Ẹni tó bá fẹ́ ti ojú agbo, àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣeré níbi ìnáwó ṣì ń wá ẹni tó máa gberin. Kẹ́ ẹ sì tó kúrò ní sítúdíò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló kọ ọ̀rọ̀ orin, ta ló ṣe bíìtì, ta ló sanwó, kí ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Kí gbogbo yín fọwọ́ sí i. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá gbé ìwé wá, ẹ gbé e fún lọ́yà kó kà á kẹ́ ẹ tó mú bírò. Owó lọ́yà lè dun yín lónìí, àmọ́ kò lè tó ogún ọdún ní kóòtù.