Bí Èròjà Inú Ìpara Ṣe Ń Ba Ẹ̀rọ Iná Ààtàn Jẹ́

Ike ọṣẹ ìfọrun tàbí ìpara abíyá tí a jù sí ààtàn kì í sábà ṣófo tán. Ohun tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀ lè di ìṣòro fún ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì ààtàn pèsè iná mànàmáná.

Nígbà tí ìdọ̀tí bá ń jẹrà lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, àwọn kòkòrò àìfojúrí máa ń sọ ọ́ di gáàsì. Nǹkan bí ìdajì gáàsì yìí jẹ́ methane, tó ń jó bíi gáàsì ìdáná. Bí ó bá tú sójú ọ̀run, ó ń mú ayé gbóná ju carbon dioxide lọ ní ìlọ́po tó lé ní 25 láàrin 100 ọdún. Nítorí náà ni àwọn ìlú kan ṣe ń fi páìpù fà á jáde láti fi yí ẹ́ńjìnnì. Ní ìlú Durban ní Gúúsù Áfíríkà, irú iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ ní ààtàn Mariannhill ní ọdún 2006.

Èròjà tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni siloxane, ọ̀kan nínú ìdílé sílíkónì. Òun ló ń mú kí ìpara máa yọ̀ lára, kí irun sì máa dán. Ó tètè ń di oru, ó sì ń bá methane wọ inú páìpù. Èyí tí omi ìwẹ̀ bá ṣàn lọ náà lè padà dé ààtàn, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ń da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ omi ìdọ̀tí sí ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀.

Bí siloxane bá jó nínú ẹ́ńjìnnì, yóò di silica, ohun kan náà tó wà nínú yanrìn. Yóò lẹ̀ mọ́ písítìnnì, fáàfù àti púlọ́ọ̀gì bí èépá funfun. Òmíràn á wọ inú ọ́ìlì, á sì máa lọ irin bí ọlọ. Wọn yóò máa pààrọ̀ ọ́ìlì lemọ́lemọ́, wọn yóò sì tú ẹ́ńjìnnì kí àsìkò rẹ̀ tó pé. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì dúró, kò sí iná láti tà. Ṣe ni wọn yóò dáná sun gáàsì náà lásán, tàbí kí ó tú jáde.

A lè fọ gáàsì náà mọ́ nípa gbígbà á kọjá láàrin èédú àkànṣe, tàbí nípa mímú un tutù títí siloxane yóò fi dà bí omi. Ṣùgbọ́n èédú náà máa ń kún, pípààrọ̀ rẹ̀ sì ń gba owó, pàápàá ní ààtàn kékeré.

Láti January 31, ọdún 2020, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ti fòfin de siloxane D4 àti D5 tó bá pọ̀ tó ìdá 0.1 nínú 100 nínú àwọn ohun ìṣaralóge tí a ń fi omi ṣàn. Ìdí tí àjọ náà sọ ni pé wọ́n ń pẹ́ nínú omi, D4 tàbí D5 sì lè kóra jọ sára àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀. Ní ọdún 2024, òfin náà gbòòrò dé orí D6 àti àwọn ìpara tí a kì í fi omi ṣàn. Èyí yóò ran àwọn ẹ̀rọ ààtàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, nítorí ìdọ̀tí tó ti wà nílẹ̀ yóò máa tú gáàsì jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá D5 wà nínú ìpara tí òun ń lò lè wo ara ike rẹ̀: cyclopentasiloxane ni orúkọ tí wọ́n máa ń kọ síbẹ̀.