Bí Ewé Ti Ń Se Oúnjẹ fún Igi

Ẹ̀yin àgbẹ̀ olóko kòkó,

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé inú ilẹ̀ nìkan ni igi ti ń rí oúnjẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò ni ó ń fa omi àti ọ̀rá ilẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ewé ni ilé ìdáná igi, ìmọ́lẹ̀ oòrùn sì ni iná rẹ̀. Ewé a máa po omi pọ̀ mọ́ ohun tí ó mú nínú afẹ́fẹ́, a sì fi wọ́n ṣe súgà àti sítáàṣì, irú èyí tí ń di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí ìsàlẹ̀ omi ẹ̀gẹ́, tí àwọn alágbàfọ̀ fi ń mú aṣọ le. Julius Sachs, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, fi èyí hàn ní nǹkan bí ọdún 1864. Ẹ̀yin náà lè fi ojú ara yín rí i.

Ẹ kọ́kọ́ kán áyódìn, oògùn egbò, tí ẹ ti fi omi là, sórí iṣu tútù. Yóò dúdú bí aró. Àmì sítáàṣì nìyẹn.

Ewé kòkó nípọn. Nítorí náà ẹ lo ewé ẹ̀gẹ́.

1. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi bébà dúdú bo ààrin ìka ewé kan lórí igi, lókè àti nísàlẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ má baà wọ ibẹ̀.

2. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, bí oòrùn bá ràn dáadáa, ẹ já ewé náà, kí ẹ tú bébà kúrò, kí ẹ sì bọ̀ ọ́ nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú kan.

3. Ẹ gbé omi náà sọ̀, kí ẹ sì pa iná pátápátá, nítorí sípíríìtì a máa gbiná. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ewé sínú ife, ẹ da sípíríìtì bò ó, kí ẹ sì gbé ife náà sínú omi gbígbóná títí àwọ̀ ewé yóò fi ṣí.

4. Ẹ fi omi ṣan ewé náà, ẹ tẹ́ ẹ sínú àwo funfun, kí ẹ sì kán áyódìn sí i.

Ibi tí oòrùn pa yóò dúdú bí aró. Ibi tí bébà bò kò ní dúdú. Sítáàṣì tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di súgà, igi sì ti gbé e lọ. Nínú òkùnkùn, ewé kò lè se òmíràn.

Irú oúnjẹ yìí ni igi kòkó fi ń bọ́ ẹ̀ka, gbòǹgbò àti èso rẹ̀. Nítorí náà, ẹ gé àfòmọ́ kúrò kí ó tó tàn ká. Ẹ máa ṣọ́ kòkòrò tí ń fa omi ọ̀mùnú mu, nítorí ibi tí ọ̀mùnú bá kú sí, ewé tuntun kò ní sí níbẹ̀. Kòkó kékeré kò gbọdọ̀ ṣe aláìní ibòji ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí oòrùn má baà jó o. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dàgbà, ibòji tí ó ṣú jù yóò ṣe é bí bébà dúdú ti ṣe ewé ẹ̀gẹ́ yìí.

Ẹni tí ó bá tọ́jú ewé kòkó rẹ̀, èso ni ó tọ́jú.