Ilé-Abẹ́rẹ́ Ẹ̀rọ Àwo-Orin: Oríṣi Rẹ̀ àti Orúkọ Tí Ó Yẹ Ẹ́

Láti ìgbà tí ẹ̀rọ giramafóònù ti dé ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn ènìyàn ti ń pe ohun kékeré tí ó ń kan ojú àwo ní abẹ́rẹ́. Orúkọ yìí tọ́ nígbà náà, nítorí pé abẹ́rẹ́ irin gan-an ni, wọn a sì máa yọ ọ́ sọnù lẹ́yìn tí ó bá ti ka ojú àwo kan tán. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà ní orí apá ẹ̀rọ àwo-orin òde òní kì í ṣe abẹ́rẹ́ nìkan. Ṣóńṣó dáyámọ́ǹdì kan wà níbẹ̀, ọ̀pá tín-ín-rín kan gbé e dúró, òòfà àti wáyà wà ní ìdí ọ̀pá náà, àpótí kékeré kan sì bo gbogbo wọn. Bí oníbàárà bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta ohun èlò tí ó sì béèrè abẹ́rẹ́, èwo nínú nǹkan wọ̀nyí ni ó ń béèrè? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ń dúró fún nǹkan púpọ̀ báyìí lè mú kí olùrà san owó fún ohun tí kò bá àwo rẹ̀ mu, àwo tí kò bá sì bá abẹ́rẹ́ rẹ̀ mu yóò máa jẹ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lò ó.

Lẹ́nu àwọn tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kátíríìjì ni gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ń jẹ́. Kò sí ohun tí ó burú nínú ọ̀rọ̀ àyálò, ṣùgbọ́n èyí ti ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́: wọ́n ń fi í pe ọta ìbọn ìgbàlódé, àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé sì ń fi í pe ohun tí tàdáwà ń gbé inú rẹ̀. Ilé-abẹ́rẹ́ dára jù ú lọ. Ẹlòmíràn lè ronú kan àkọ̀, nítorí pé inú àkọ̀ ni ọ̀bẹ àti idà ń gbé. Ṣùgbọ́n wọ́n ní láti fa idà yọ nínú àkọ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́, abẹ́rẹ́ yìí sì ń ṣiṣẹ́ láti inú ilé rẹ̀ ni. Orúkọ tí ó fi iṣẹ́ hàn tún ṣeé ṣe, irú bí asọmímìdiná, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ mímì di iná mànàmáná. Ọ̀rọ̀ náà wúlò, ṣùgbọ́n ó gbòòrò ju ohun tí wọ́n fẹ́ sọ lọ: gbohùngbohùn tí olórin ń kọrin sí náà ń sọ mímì di iná. Ipò orúkọ ìdílé ni ó yẹ asọmímìdiná. Ilé-abẹ́rẹ́ jẹ́ ọmọ kan nínú ìdílé náà.

Fún ojú ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ lórí àwo, èdè àgbẹ̀ ti ní ọ̀rọ̀ nílẹ̀. Poro ni àgbẹ̀ ń pe àlàfo tí ó wà láàárín ebè kan àti èkejì, poro náà sì ni ó wà lójú àwo, àfi pé ẹyọ kan ṣoṣo ni, tí ó ń ká wọ inú láti etí àwo títí dé ìtòsí bébà tí wọ́n kọ orúkọ orin sí. Bí wọ́n bá lè na poro ojú kan àwo ńlá tí ó gba 20 ìṣẹ́jú, gígùn rẹ̀ yóò lé ní 400 mítà. Ògiri méjì ni poro yìí ní, àwọn ògiri náà kò sì tẹ́jú. Ohùn akọrin àti ìlù ni ó gbẹ́ wọn ní kọ́lọkọ̀lọ. Bí àwo ti ń yí, ògiri ń ti abẹ́rẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láti ọdún 1958 tí àwo olóhùn méjì ti dé ọjà, ògiri kọ̀ọ̀kan ni ó ń gbé ohùn tirẹ̀, ọ̀kan fún sípíkà ọ̀tún, èkejì fún ti òsì.

Ọ̀nà tí ilé-abẹ́rẹ́ ń gbà sọ mímì yìí di iná ni ó pín wọn sí oríṣi. Oríṣi kìíní ń lo òkúta. Ní ọdún 1880 ni Pierre Curie àti Jacques ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé àwọn òkúta dídán kan wà tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá fún wọn pọ̀, iná yóò jáde lára wọn. Irú ilé-abẹ́rẹ́ yìí, àti ti seráámíìkì tí ó tẹ̀ lé e, ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú ní àwọn ọdún 1960 àti 1970. Iná tí ó ń mú jáde pọ̀, nítorí náà kò nílò ìrànlọ́wọ́ púpọ̀ kí sípíkà tó sọ̀rọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀pá rẹ̀ le, ó sì ń fẹ́ kí ẹrù wúwo wà lórí abẹ́rẹ́, láti gíráàmù mẹ́ta lọ sókè. Kò sí ìdí púpọ̀ láti fẹ́ irú èyí lónìí, bí kò ṣe fún ẹni tí ń tún ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe.

Àwọn oríṣi yòókù ń lo òòfà. Michael Faraday ni ó fi hàn ní ọdún 1831 pé bí òòfà bá ń mì nítòsí wáyà tí wọ́n ká jọ, tàbí bí wáyà náà bá ń mì nítòsí òòfà, iná yóò máa sáré nínú wáyà. Òfin yìí kò ka èwo nínú àwọn méjèèjì ni ó mì sí, kí ipò ọ̀kan sí èkejì ṣáà ti máa yí padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣe ilé-abẹ́rẹ́ ní láti yan ọ̀kan, nítorí pé ohun tí ó bá so mọ́ ìdí ọ̀pá ni abẹ́rẹ́ yóò máa gbé. Bí ó bá so òòfà kékeré mọ́ ọn, tí wáyà sì dúró sójú kan, èyí ni òòfà-mímì. Bí ó bá so wáyà mọ́ ọn, tí òòfà sì dúró, èyí ni wáyà-mímì. Irin-mímì tún wà, nínú èyí tí irin kékeré kan ń mì láàárín òòfà àti wáyà tí àwọn méjèèjì dúró. Ilé-iṣẹ́ Grado ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn jù.

Ẹni tí ó bá ń tú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí láti inú Gẹ̀ẹ́sì lè kọ òòfà tí ń rìn. Èyí yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ohun tí ń rìn ń kúrò ní ibì kan dé ibòmíràn, òòfà yìí kì í sì lọ sí ibì kankan. Igi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ń mì ni, kì í rìn. Ọ̀rọ̀ kan ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún méjèèjì níhìn-ín. Yorùbá ní méjì, kò sì yẹ kí ẹni tí ó ní méjì máa ṣe bí ẹni tí ó ní ẹyọ kan.

Èwo ni ó sàn jù nínú òòfà-mímì àti wáyà-mímì? Ibí yìí ni àríyànjiyàn àwọn olólùfẹ́ àwo ti ń gbóná. Wáyà tí ó dúró sójú kan lè pọ̀ tó bí ẹni tí ń ká a bá ti fẹ́, nítorí pé kì í ṣe abẹ́rẹ́ ni yóò gbé e. Ìdí nìyí tí iná òòfà-mímì fi pọ̀ ju ti èkejì lọ. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún fóòtì, èyí tí í ṣe mílífóòtì, ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Shure M44-7 ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí àwọn tí ń fi àwo dá àwọn ènìyàn lára yá níbi àríyá fẹ́ràn púpọ̀, ń mú 9.5 mílífóòtì jáde. Ortofon 2M Red ti ilẹ̀ Denmark ń mú 5.5 jáde. Denon DL-103, tí í ṣe wáyà-mímì tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Jàpáànì ní àwọn ọdún 1960 fún lílò ní ilé-iṣẹ́ rédíò, kò mú ju 0.3 lọ. Ẹni tí ó bá so irú èyí mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí wọ́n ṣe fún òòfà-mímì yóò gbọ́ ohùn bí ti ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga, yóò sì rò pé wọ́n ta ohun tí ó bàjẹ́ fún òun. Kò bàjẹ́. Ó nílò ẹ̀rọ kékeré mìíràn tí yóò kọ́kọ́ gbé iná rẹ̀ sókè, owó ẹ̀rọ yìí ni ọ̀pọ̀ olùrà kì í sì í kà mọ́ owó ilé-abẹ́rẹ́.

Ohun tí wáyà-mímì fi ń san oore yìí padà ni pé wáyà tí ó so mọ́ ọ̀pá kéré, ó sì fúyẹ́, nítorí náà abẹ́rẹ́ lè tètè yí bí ògiri poro bá yí. Àwọn tí etí wọn mọ́ sí i ń sọ pé ohùn rẹ̀ máa ń là ketekete. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá jẹ tán, ẹni tí ó ni ín kò lè yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Odindi ilé-abẹ́rẹ́ ni yóò dá padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe é tàbí ẹni tí ó mọ àtúnṣe rẹ̀. Ti òòfà-mímì ṣeé fi ọwọ́ fà yọ, kí wọ́n sì ki tuntun bọ̀ ọ́. Ní ìlú tí kò ti sí alátùn-únṣe, ìdí kan yìí tó láti yan òòfà-mímì, ohun yòówù kí àwọn olówó máa sọ. Kí olùrà má ṣe fi ọjà náà sílẹ̀ láìwò, nítorí pé Shure dáwọ́ ilé-abẹ́rẹ́ ṣíṣe dúró ní ọdún 2018, ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn sì ni ẹni tí ó ní M44-7 ti ń wá abẹ́rẹ́ tuntun láti ìgbà náà.

Síbẹ̀, ohun tí ó kan àwo gan-an kì í ṣe òòfà, kì í sì í ṣe wáyà. Ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ni. Èyí tí ó rọrùn jù láti ṣe ni orí róbótó. Orí ẹyin gùn ní ìbú ju bí ó ti nípọn lọ, bí ẹyin tí wọ́n dùbúlẹ̀. Ti 2M Red jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 18 ní ìhà kan àti 8 ní ìhà kejì, máíkírọ́ọ̀nù kan sì ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tí wọ́n fá ẹ̀gbẹ́ wọn títí wọ́n fi fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan ògiri poro. Norio Shibata, ọmọ ilẹ̀ Jàpáànì, ni ó ṣe ọ̀kan tí ó gba orúkọ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, nítorí àwo olóhùn mẹ́rin. Wọ́n lè fẹ́ pe irú èyí ní orí abẹ, ṣùgbọ́n abẹ ń gé nǹkan, orúkọ náà yóò sì dẹ́rù ba ẹni tí ó ni àwo láìnídìí. Orí tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Ìyàtọ̀ wọn máa ń hàn jù ní apá inú àwo: ní etí àwo ńlá, nǹkan bí ìdajì mítà poro ni ó ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n nígbà tí orin ìparí bá dé, kò ju 0.2 mítà lọ mọ́. Orin kan náà ni wọ́n fún mọ́ àyè tí kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Orí róbótó kò lè wọ kọ́lọkọ̀lọ tí ó há bẹ́ẹ̀, ohùn akọrin a sì máa ha.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi etí ara rẹ̀ ṣe àfiwé yìí, ẹ̀yà AT-VM95 ti Audio-Technica ni ó mú un rọrùn jù, nítorí pé ilé kan náà ni ó ń gba orí róbótó, orí ẹyin, orí tẹ́ẹ́rẹ́ àti ti Shibata. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ abẹ́rẹ́, òòfà nìkan ni ó bá a lọ. Wáyà kan náà ni, ẹrù gíráàmù méjì kan náà ni. Ìyàtọ̀ tí etí bá gbọ́, láti ọ̀dọ̀ ṣóńṣó ni ó ti wá. Àfiwé láàárín ilé-abẹ́rẹ́ ilé-iṣẹ́ kan àti ti òmíràn kì í mọ́ tó báyìí, nítorí pé ohun márùn-ún ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀ràn ṣóńṣó di ńlá nígbà tí ó bá kan àwo àtijọ́. Ní ọdún 1922 ni àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, kọ orin Yorùbá sínú àwo fún Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Shellac, oje tí kòkòrò kan ń ṣe sí ara igi ní ilẹ̀ Íńdíà, ni wọ́n fi ń ṣe irú àwo bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú òkúta. Poro rẹ̀ fẹ̀ púpọ̀ ju ti àwo ike tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948 lọ. Bí wọ́n bá gbé abẹ́rẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 18 lé e, yóò jókòó sí ìsàlẹ̀ poro, níbi tí ìdọ̀tí ọ̀pọ̀ ọdún wà, ariwo ni yóò sì máa kà dípò orin. Ẹ̀yà AT-VM95 kan náà ní abẹ́rẹ́ tí ó jẹ́ ti irú àwo yìí, SP, tí ṣóńṣó rẹ̀ tó máíkírọ́ọ̀nù 76, tí ẹrù rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù márùn-ún. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé e lé àwo ike: etí poro ni yóò máa fọ́. Ohun kan tún wà tí ilé-abẹ́rẹ́ nìkan kò lè yanjú. Àwo ọdún 1922 ti ṣáájú ìgbà tí wọ́n ń fi iná gba ohùn sílẹ̀. Fèrè ẹlẹ́nu gbàgẹ̀dẹ̀ ni akọrin kọrin sí. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè òde òní ń tẹ̀ lé ìlànà RIAA ti ọdún 1954, èyí tí ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ sókè tí ó sì ń rẹ ohùn òkè sílẹ̀. Àwo ike ni wọ́n ṣe ìlànà náà fún. Lórí orin àlùfáà Kuti, yóò mú kí ohùn náà wú bí ẹni tí ó fi aṣọ bo ẹnu.

Àwo kékeré olóhùn kan tí I. K. Dáíró àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní àwọn ọdún 1960 wà láàárín méjèèjì. Máíkírọ́ọ̀nù 25 ni ṣóńṣó tí wọ́n sábà ń lò fún wọn. Bí abẹ́rẹ́ ìgbà náà bá ti jẹ apá kan lára ògiri, ṣóńṣó tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lè sọ̀kalẹ̀ dé ibi tí irin kò fọwọ́ kàn rí, kí ó sì rí ohùn tí ó mọ́ níbẹ̀. Èyí ni àwọn tí ń da orin àtijọ́ kọ sínú kọ̀ǹpútà fi máa ń gbìyànjú abẹ́rẹ́ bíi mẹ́ta lórí àwo kan kí wọ́n tó yan ọ̀kan.

Ó ku ẹrù-abẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n ń dárúkọ lókè láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń rò pé bí ó bá ti fúyẹ́ tó ni ó sàn tó fún àwo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí ẹrù rẹ̀ kéré jù kì í lè di ògiri mú níbi tí ìlù bá ti dún kíkankíkan; yóò fò sókè, yóò sì já lu ògiri náà, ibi tí ó bá lù kò sì ní padà bọ̀ sípò mọ́. Bí olùṣe bá kọ gíráàmù 1.8, òṣùwọ̀n kékeré tí ń ka ìdá gíráàmù ni kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n lójú ibi tí àwo yóò wà, kí apá ẹ̀rọ sì ti wà ní ìbú gbọọrọ kí wọ́n tó kà á.