Herbert Macaulay: Aṣíwájú Tí Kò Dé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin

Ìlú Èkó ni wọ́n bí Herbert Macaulay sí ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 1864. Abigail, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ni ìyá rẹ̀. Thomas Babington Macaulay, àlùfáà tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859, ni bàbá rẹ̀. Ọmọ ilé ìwé ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, irú ẹni tí òyìnbó máa ń fọkàn sí pé kò ní kọ̀yìn sí òun.

Ìjọba tiẹ̀ kọ́kọ́ fojú rere wò ó. Wọ́n rán an lọ sí Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1890 láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Nígbà tó padà dé ní 1893, wọ́n ní kó máa bá àwọn wọn ilẹ̀ ìjọba. Ní 1898 ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ń wọnlẹ̀ fún ara rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ló jẹ́ kó mọ ilẹ̀ Èkó bí ẹní mowó, kò sì pẹ́ tó fi di alátakò ìjọba. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa gba owó omi ẹ̀rọ lọ́wọ́ ará ìlú, ó wà lára àwọn tó pariwo pé àwọn òyìnbó gan-an ni omi náà wà fún.

Ní 1913, ilé ẹjọ́ rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì lórí owó ogún tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n yẹn ló sé ọ̀nà ipò ìjọba mọ́ ọn.

Ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká. Ìjọba gba ilẹ̀ ìdílé Olúwa, wọ́n sì ní àwọn olóyè kò ni ilẹ̀ débi tí wọn yóò fi gba owó rẹ̀. Ní 1920, Macaulay bá Olóyè Àmọ́dù Tìjánì Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Elékòó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti ń sọ pé ọba tó lọ́pàá yìí ló ni gbogbo Nàìjíríà. Àsọdùn gbáà ni, Elékòó kò jọba kọjá Èkó, ṣùgbọ́n ó ká ìjọba lára. Wọ́n ní kí ọba rán akéde kó máa lu agogo káàkiri ìlú pé ọwọ́ òun kò sí nínú ọ̀rọ̀ Macaulay. Ọba kọ̀, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé owó oṣù rẹ̀. Síbẹ̀, Olúwa jàre ní 1921, ìjọba sì san £22,500. Ní 1925 wọ́n yọ Elékòó lóyè, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ Macaulay kò jẹ́ kó sùn ló dá a padà ní 1931.

Òfin ìpìlẹ̀ tí Gómìnà Clifford gbé kalẹ̀ ní 1922 fún Èkó ní àyè aṣojú mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ní oṣù Kẹfà 1923 ni Macaulay dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP (Nigerian National Democratic Party) sílẹ̀, wọ́n sì kó gbogbo àyè náà ní 1923, 1928 àti 1933. Òun fúnra rẹ̀ kò lè díje. Ọkùnrin tó ń rí £100 lọ́dún nìkan ló lè dìbò, bẹ́ẹ̀ àwọn ìyá ọlọ́jà, tí Àlímọ̀tù Pẹlẹwúrà ṣáájú wọn, wà lára òpó tó gbé e ró. Àwọn tí kò níbò ni agbára rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn! Ó tún ní ìwé ìròyìn Lagos Daily News, èyí tó gbé e lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní 1928 nítorí ìròyìn kan nípa Elékòó.

Orúkọ ẹgbẹ́ náà ni ti orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Èkó ló gbà wọ́n lọ́kàn. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement fi ìdí wọn janlẹ̀ nínú ìbò 1938. Ìgbà tí Macaulay fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́rin ọdún ni òṣèlú rẹ̀ tó jáde kúrò l'Ékòó: ní 1944 ó di ààrẹ ẹgbẹ́ NCNC (National Council of Nigeria and the Cameroons), Nnamdi Azikiwe sì jẹ́ akọ̀wé àgbà. Wọ́n ń rìn káàkiri tako òfin ìpìlẹ̀ Gómìnà Richards ní 1946 nígbà tí àìsàn dá a dúró ní Kánò. Wọ́n gbé e padà sí Èkó, ó sì kú ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún.

Láti 1979 ni àwòrán rẹ̀ ti wà lára náírà kan. Títì ńlá kan ní Yábàá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní ti ẹjọ́ Àpápá, àwọn lọ́yà ṣì ń tọ́ka sí i nílé ẹjọ́ Nàìjíríà nígbà tí ìdílé bá ń jà lórí ilẹ̀.