Sẹ́ṣọ̀n àti kúkì nínú ètò orí ayélujára

Sẹ́ṣọ̀n jẹ́ àkókò tí ètò kan lórí ayélujára fi ń rántí pé ẹnì kan náà ni ó ń lò ó láti ojú-ewé kan dé òmíràn. Kúkì ni ọ̀rọ̀ kékeré tí ètò náà fi pamọ́ sínú ẹ̀rọ aṣàwákiri ẹni náà, kí ó lè dá a mọ̀ nígbà tí ó bá padà wá. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ohun kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi orúkọ ọ̀kan pe èkejì. Àwọn framework, ìyẹn àkójọ kóòdù tí a ti kọ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè kọ́ ìkànnì tirẹ̀ lé e lórí, bíi Laravel, Django àti Flask, ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bójú tó wọn.

Ìtàn

HTTP, ìlànà tí aṣàwákiri àti sáfà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kò ní ìrántí. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí ìkànnì wà nínú rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ọ̀wọ̀ bá kọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sí ojú-ewé kìíní, tí ó sì ṣí ojú-ewé kejì, àlejò tuntun ni ó jẹ́ lójú HTTP. Ní ọdún 1994, Lou Montulli, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà, ṣe kúkì láti yanjú ìṣòro yìí. Ìwé ìlànà tí ó ṣàlàyé rẹ̀, RFC 6265, jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2011. Ó ní kí aṣàwákiri lè gba kúkì tí ó tó 4096 báìtì, ó kéré tán. Ààyè náà kò pọ̀, ìdí sì nìyí tí ohun púpọ̀ fi gbọ́dọ̀ wà níbòmíràn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́

Káàdì ilé ìwòsàn ni àfiwé tí ó sún mọ́ ọn jù lọ. Ní ilé ìwòsàn ìjọba tí ó ń lo fáìlì oníwèé, káàdì kékeré ni aláìsàn ń mú lọ sílé. Nọ́ńbà ni ó ṣe kókó lára káàdì náà. Àkọsílẹ̀ àìsàn àti oògùn tí dókítà kọ wà nínú fáìlì ní yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Bí aláìsàn bá padà wá, òṣìṣẹ́ yóò wo nọ́ńbà, yóò sì fa fáìlì yọ. Kúkì ni káàdì. Ohun tí ó wà nínú sẹ́ṣọ̀n ni fáìlì. Ibi tí àfiwé náà ti já ni pé nọ́ńbà ilé ìwòsàn lè tẹ̀ lé ara wọn, ṣùgbọ́n nọ́ńbà sẹ́ṣọ̀n gbọ́dọ̀ gùn, kí ó má sì ní ètò kankan tí ẹnikẹ́ni lè fi méfò rẹ̀, nítorí pé sáfà kì í wo ojú ẹni tí ó mú káàdì wá.

Django a máa kó fáìlì wọ̀nyí sínú ibi ìpamọ́ dátà, kúkì rẹ̀ sì ń jẹ́ sessionid. Laravel lè kó wọn sínú fáìlì lásán, ibi ìpamọ́ dátà tàbí Redis. Ti Flask yàtọ̀. Bí ẹni tí ń kọ kóòdù kò bá yí i padà, kò sí fáìlì kankan lọ́dọ̀ sáfà rárá: gbogbo ohun tí ó wà nínú sẹ́ṣọ̀n ni Flask ń kó sínú kúkì, tí ó sì ń fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí lu òǹtẹ̀ lé e. Ẹni tí kúkì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè kà á, ṣùgbọ́n kò lè yí i padà kí òǹtẹ̀ má bàjẹ́. Nítorí náà, kò yẹ kí a fi ohun àṣírí sínú rẹ̀.

Gígùn sẹ́ṣọ̀n

Bí a bá fi PHP sílẹ̀ bí ó ṣe wà, lẹ́yìn 1,440 ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn ìṣẹ́jú 24, ó lè pa dátà sẹ́ṣọ̀n tí a kò lò rẹ́. Ti Laravel jẹ́ ìṣẹ́jú 120 láìfọwọ́ kan ìkànnì. Ti Django jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí èyí tí ó bá gbogbo ibi mu nínú wọn. Ẹni tí ó ń kọ fóòmù gígùn ní Ìfọ́n tàbí Ìdó-Àní, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, tí iná lọ tàbí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já níbi tí ó ti ń wá nọ́ńbà ìdánwò WAEC rẹ̀, lè rí i nígbà tí ó bá tẹ bọ́tìnì ìkẹyìn pé ìkànnì tún ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, gbogbo ohun tí ó kọ sì ti lọ. Ọ̀pọ̀ a máa fa sẹ́ṣọ̀n gùn láti wo ìṣòro yìí sàn, èyí sì ń dá òmíràn sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tí ènìyàn púpọ̀ ń lò. Ọ̀nà tí ó dára jù ni kí ètò máa pa ìpín kọ̀ọ̀kan fóòmù mọ́ bí a ti ń kọ ọ́, kí sẹ́ṣọ̀n sì kúrú. Bí sẹ́ṣọ̀n bá parí, iṣẹ́ kò ní bá a lọ.

Kọ̀ǹpútà àjùmọ̀lò

Ìlú akẹ́kọ̀ọ́ ni Ọ̀wọ̀: Rufus Giwa Polytechnic àti Achievers University wà níbẹ̀. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà kan ní sáíbà-kaféè lè gba ènìyàn púpọ̀ lójúmọ́. Pípa fèrèsé aṣàwákiri kì í ṣe jíjáde. Lóòótọ́, ó yẹ kí kúkì tí a kò dá ọjọ́ fún kú nígbà tí aṣàwákiri bá kú, ṣùgbọ́n aṣàwákiri tí a ṣètò pé kí ó máa bẹ̀rẹ̀ níbi tí ó dúró sí lè jí i dìde. Ẹni tí ó bá jókòó tẹ̀ lé e ni sáfà yóò kà sí olóhun. Bí ó bá jẹ́ CAPS ti àjọ JAMB ni, tí ó ti wà láti 2017, ojú-ewé tí olùwásílé-ẹ̀kọ́ ti ń tẹ́wọ́ gba ààyè tàbí kọ̀ ọ́ ni ìyẹn.

Nítorí náà, ohun tí bọ́tìnì ìjáde ń ṣe lẹ́yìn aṣọ títa ṣe pàtàkì. Ní Django, logout ń pa fáìlì sẹ́ṣọ̀n rẹ́ lọ́dọ̀ sáfà. Ní Laravel, ó yẹ kí a fi invalidate tẹ̀ lé e. Ní Flask tí a kò yí padà, kúkì inú aṣàwákiri yẹn nìkan ni session.clear ń mú kúrò. Ẹni tí ó ti da kúkì náà kọ tẹ́lẹ̀ ṣì lè lo ẹ̀dà rẹ̀, nítorí kò sí fáìlì tí sáfà lè ya. Ìkànnì tí ó ń di owó tàbí ìgbàwọlé mú kò yẹ kí ó gbára lé e bẹ́ẹ̀.

Ó tún yẹ kí nọ́ńbà yí padà ní kété tí ènìyàn bá wọlé, kí olè má baà fún un ní nọ́ńbà tí òun ti mọ̀ ṣáájú. Django ń ṣe èyí fúnra rẹ̀.

Ààbò kúkì

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, Eric Butler gbé Firesheep jáde, ètò kékeré tí ó fi han gbogbo ayé bí ó ti rọrùn tó láti gba kúkì ẹlòmíràn lórí Wi-Fi tí kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Àmì Secure ni ìdáhùn: kúkì tí ó bá ní in kì í gba ọ̀nà tí kò sí lábẹ́ HTTPS. HttpOnly ń fi kúkì pamọ́ fún JavaScript. SameSite ń dín bí ìkànnì mìíràn ṣe lè mú kí aṣàwákiri fi ránṣẹ́ kù. Ẹni tí ń lo Django gbọ́dọ̀ tan SESSION_COOKIE_SECURE fúnra rẹ̀, nítorí pípa ni ó wà láti ilẹ̀.

Òfin

Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ka àmì ìdánimọ̀ orí ayélujára mọ́ ohun tí ó lè sọ dátà di ti ẹnì kan pàtó. Ọ̀rọ̀ yìí kan fáìlì sẹ́ṣọ̀n àtijọ́ pẹ̀lú. Django kì í pa èyí tí àkókò rẹ̀ ti kọjá rẹ́ fúnra rẹ̀ nínú ibi ìpamọ́ dátà. Yóò wà níbẹ̀ títí alábòójútó yóò fi lo àṣẹ clearsessions.