Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Selank àti Semax

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Ifáfitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, tí ìdánwò ń já láyà, ẹ fara balẹ̀ kà á. Rọ́ṣíà ni wọ́n ti ṣe oògùn méjèèjì yìí. Imú ni wọ́n ń kán wọn sí. Amino acid méje péré ló so kọ́ra nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Àyà jíjá ni wọ́n ń fi Selank wò. Semax ní tiẹ̀ wà fún ọpọlọ, pàápàá lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀.

Rọ́ṣíà náà ni ọ̀pọ̀ ìwádìí ti wáyé, lára èèyàn tí ò pọ̀. FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ò fọwọ́ sí ìkankan. Ẹ wo ara ìgò kékeré tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì dáadáa: “fún ìwádìí nìkan” ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kán an símú. Bí àyà jíjá ìdánwò ò bá jẹ́ kí oorun wá, dókítà ni kẹ́ ẹ lọ rí.