Stochelo Rosenberg: Jìtá tí a Fi Etí Kọ́

Stochelo Rosenberg jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn oníjìtá jáàsì tí orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì bí. Ìlú Helmond, ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà, ni a ti bí i ní ọdún 1968. Òun ni aṣáájú ẹgbẹ́ olórin mẹ́ta tí a mọ̀ sí Rosenberg Trio. Kò kọ́ orin láti inú ìwé, kò sì sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kankan tí ó sọ ọ́ di ọ̀gá; etí ni ó fi kọ́ ọ, inú ẹbí ni ó sì ti kọ́ ọ. Ìdí nìyí tí ìtàn rẹ̀ fi yẹ ní kíkà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ṣe ìwádìí nípa ìmọ̀ tí a kò kọ sílẹ̀.

Ọmọ Sinti ni Rosenberg. Àwọn Sinti jẹ́ ẹ̀ka kan lára àwọn ènìyàn Romani, tí àwọn baba ńlá wọn ṣí kúrò ní àríwá ilẹ̀ Índíà ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n sì tàn ká Yúróòpù. Nígbà kan rí, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gbé inú ilé onítáyà tí ẹṣin tàbí ọkọ̀ ń fà láti ìlú dé ìlú. Ẹnu ni èdè wọn ń gbé, kì í ṣe inú ìwé.

A kò lè sọ̀rọ̀ orin wọn kí a má mẹ́nu ba Ogun Àgbáyé Kejì. Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1944, lábẹ́ àṣẹ ìjọba Násì, àwọn ọlọ́pàá kó àwọn Sinti àti Roma káàkiri Nẹ́dálándì. Ọjọ́ 19 oṣù náà ni ọkọ̀ ojú irin kó 245 nínú wọn láti àgọ́ Westerbork lọ sí Auschwitz. Nǹkan bí 30 péré ni ikú fi sílẹ̀. Nínú fíìmù tí a yà ní ọjọ́ náà, ọmọbìnrin kan tí ó fi aṣọ bo orí ń yọjú láàárín ilẹ̀kùn ọkọ̀ kí wọ́n tó tì í pa. Fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, ọmọ Júù ni gbogbo ayé pè é. Ọdún 1994 ni oníròyìn kan tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Settela Steinbach ni orúkọ rẹ̀, pé ọmọ Sinti ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Bí a ti pa wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni a gbàgbé wọn. Nínú irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀, orin tí ó ṣẹ́ kù kọjá eré ìdárayá.

Ipasẹ̀ Django Reinhardt ni orin náà ń tọ̀. Ọmọ Romani ni Django, abúlé Liberchies ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m ni wọ́n sì bí i sí ní ọdún 1910. Ní ọdún 1928 iná jó ilé onítáyà rẹ̀, ó sì ba ìka méjì ní ọwọ́ òsì rẹ̀ jẹ́. Ó fi ìka méjì tí ó kù dá ọ̀nà tuntun sílẹ̀ fún àwọn orin adágún-jìtá. Ní 1934, òun àti Stéphane Grappelli, tí ń ta fáyólìnì, dá ẹgbẹ́ Quintette du Hot Club de France sílẹ̀ ní Paris. Kò sí ìlù nínú ẹgbẹ́ náà rárá. Django kú ní 1953, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí a tó bí Rosenberg. Àwo orin nìkan ni ọmọ náà lè fi bá a pàdé.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: àwọn àgbà nínú ẹbí ń ta jìtá lójú rẹ̀, òun náà sì ń gbọ́ àwo Django ní àgbọ́túngbọ́ títí ìka rẹ̀ fi mọ ohun tí etí rẹ̀ ti mọ̀. Iṣẹ́ yìí le ju bí a ti lè rò lọ. Àwo máa ń sọ ohùn fún ni, ṣùgbọ́n kì í sọ ibi tí ìka wà lára okùn. Ọwọ́ ọ̀tún pàápàá ní òfin tirẹ̀: ọwọ́ kì í fara ti jìtá, a máa ń ta okùn sísàlẹ̀ kí ohun ìtajìtá lè sinmi lórí okùn tí ó tẹ̀ lé e, bí a bá sì ti bọ́ sórí okùn mìíràn, sísàlẹ̀ náà ni a ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Èyí ni ó ń jẹ́ kí ohùn jìtá ròkè láìsí ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá wo àgbà nìkan ni ó ń tètè mọ̀ ọ́n.

Ní ọmọ ọdún 12, ó borí nínú ìdíje àwọn ọmọdé lórí tẹlifíṣàn. Àwọn tí ó fẹ́ gba orin rẹ̀ sílẹ̀ wá, ṣùgbọ́n kò gbà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àárín àwọn Sinti àti ibi ìpàdé ìsìn wọn ni ó ti ń ta jìtá, pẹ̀lú Nous'che àti Nonnie, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọ́n jẹ́ ìbátan rẹ̀. Nous'che ń fi jìtá kejì gbé ìró orin lọ dípò ìlù, Nonnie sì ń ta báàsì. Ọdún 1989 ni àwo wọn àkọ́kọ́, *Seresta*, tó jáde. Ní 1993, wọ́n bá Grappelli ṣeré ní Carnegie Hall ní New York fún ayẹyẹ ọdún 85 rẹ̀; ẹni tí ó jókòó ti Django rí wá jókòó ti àwọn tí àwo nìkan ni wọ́n fi mọ Django.

Àwọn kan ń bi í léèrè bóyá àfarawé ni gbogbo rẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tí ó bá gbọ́ *For Sephora*, tí Rosenberg fúnra rẹ̀ ṣe, kò ní béèrè mọ́. Orin náà rọra ń lọ, ó sì fi àyè sílẹ̀ láàárín ohùn, kò ní ìkánjú Django. Lónìí àwọn ọ̀dọ́ oníjìtá ń kọ́ ọ bí òun ti kọ́ ti Django. Nígbà tí fíìmù *Django* ṣí àjọ̀dún fíìmù Berlin ní 2017, Reda Kateb ni ojú rí, ṣùgbọ́n jìtá tí etí ń gbọ́, ti Stochelo Rosenberg ni.